Kàtúùnù Tí Wọ́n Ní Ọmọdé Ò Gbọdọ̀ Wò

Àkọ́bí mi, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le? Iṣẹ́ ńkọ́? Àwọn tí ẹ jọ ń gbé ńkọ́? Bí o bá béèrè wa níhìn-ín, a wà, a ò kú, a ò sì sọnù. Ọlọ́run tó ń bá wa ṣọ́ ilé níbí yóò máa bá ọ ṣọ́ tìrẹ lọ́hùn-ún. O ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà, ọwọ́ rẹ ò ní gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́, ojú ò sì ní tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ. Àmín.

Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Orúnkún rẹ̀ ti dẹwọ́ díẹ̀, ó ti ń dá lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ṣùgbọ́n kò tíì lè bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀, nítorí náà èmi ni mò ń gbálẹ̀ báyìí, òun á sì jókòó sórí àga, á máa nàka sí ibi tí mi ò gbá dáadáa. Páànù tó ń jò lókè bẹ́ẹ̀dì wa, wẹ́dà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ti bá wa lẹ̀ ẹ́, orí àga ló wá ń jò sí báyìí. A ti gbé àga kúrò níbẹ̀. Àbúrò ìyá rẹ obìnrin ti gba ìyàwó ọmọ rẹ̀ sílé, wọn ò sì tíì jà, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan péré ṣì ni.

Fóònù tí o fi rán dírẹ́bà sí mi dé láì fọ́, lẹ́tà tó wà nínú páálí rẹ̀ náà dé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Ìwọ tí o ń so táì mọ́rùn, tí o ń jókòó sí ọ́fíìsì tó tutù bí ibi tí wọ́n ń kó ẹja pa mọ́ sí, o ní o ti kúrò níbẹ̀, pé ọ̀rọ̀ lò ń kọ báyìí fún àwọn èèyàn tí wọ́n fi ọwọ́ yà, kí wọ́n lè rí nǹkan máa sọ lẹ́nu. O ní ilé iṣẹ́ yẹn fẹ́ kí o tọwọ́ bọ ìwé ọdún mẹ́ta kí oṣù yìí tó parí, ṣùgbọ́n o ò ní tọwọ́ bọ̀ ọ́ àfi bí mo bá wo iṣẹ́ náà tí mo sì sọ òótọ́ bó ṣe rí lójú mi. O ní bí mo bá ní kí o fi í sílẹ̀, wàá padà sí ọ́fíìsì, pé ọ̀gá rẹ ò tíì fi ẹlòmíì sórí àga rẹ. Ọmọ mi, o ṣeun tí o kà mí kún àgbà. Àwọn bàbá míì, ẹnu aládùúgbò ni wọ́n ti ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ lo ní òótọ́ lo fẹ́. Jókòó. Bí o bá ti jókòó, fẹ̀yìn ti nǹkan.

Kí n tó rí ohunkóhun wò, fóònù yẹn ti kọ́kọ́ rí mi fín. Mo tẹ ibi tí o ní kí n tẹ̀, ó ní tàwọn àgbà nìkan ni eré yìí, kí n kọ déètì. Gbogbo fọ́ọ̀mù tí mo ti kọ láyé mi, ìbáà ṣe ti ìjọba, ìbáà ṣe ti iná mànàmáná, bí wọ́n bá ní kí n kọ déètì, déètì ọjọ́ tí mo ń kọ ọ́ ni mo máa ń kọ síbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó dá a padà rí. Ohun tí mo kọ nìyẹn. Fóònù ní mi ò tíì dàgbà tó. Èmi! Ó ní kí n lọ pe òbí mi wá kó wá fún mi láṣẹ. Bàbá mi ti lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú ilẹ̀, ìyá mi tẹ̀ lé e lọ́dún kejì, ẹ̀yin ará ìlú ńlá wá ní kí n lọ jí wọn nítorí kàtúùnù. Mo tún déètì náà kọ, mo rò pé ojú á tì í. Ojú ò tì í. Ìyá rẹ ní bóyá torí pé mo fá irùngbọ̀n ni. Mo wá fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì, kí n wò ó bóyá màá ti dàgbà díẹ̀ sí i lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tẹnu mọ́.

Tíṣà Ojúlíle ló gbà mí. Òun ló kọ́ ọ ní ìṣirò, o ò lè gbàgbé rẹ̀, ọkùnrin tí ẹnikẹ́ni ò rí eyín rẹ̀ rí àyàfi dókítà eyín. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, ṣọ́ọ̀bù mi ló sì ń jókòó sí. Ó ní ọjọ́ ìbí mi ni wọ́n ń béèrè. Ta ló ń bi ẹni tó ti hewú ní ọjọ́ ìbí? Mo ní ọdún tí odò gbé afárá lọ ni wọ́n bí mi. Kò sí àyè fún afárá níbẹ̀. Tíṣà bá mi fojú díwọ̀n rẹ̀, ó kọ ọ́, eré sì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin lẹ ní tàwọn àgbà ni. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Nígbà tiwa, bí wọ́n bá ní kí ọmọdé bọ́ síta, a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni, tàbí ọ̀rọ̀ àìsàn, tàbí ìgbéyàwó kan ló fẹ́ tú. Ọ̀rọ̀ tó wúwo la fi ń lé ọmọdé jáde. Ẹ̀yin wá lé ọmọdé jáde kí ajá inú eré yín lè ráyè só. Mo kà á. Ẹ̀ẹ̀mẹrìnlá ni ajá yẹn só ní apá kìíní nìkan. Ó wọ kóòtù, ó ń mutí láàárọ̀, ó ń bú ìyá tó gbà á sílé, èébú tó sì bú u, mi ò lè kọ ọ́ síbí nítorí ìwé yìí máa gba ọwọ́ dírẹ́bà kọjá, ọmọlúàbí sì ni dírẹ́bà yẹn. Mo bi ara mi pé ta ló kọ́ ajá ní irú èébú báyìí. Ó wá yé mi pé ìwọ ni. Ọmọ tí mo rán nílé ìwé títí ó fi gboyè ló ń jí láàárọ̀, tó ń bọ́jú, tó ń jókòó nídìí tábìlì, tó ń kọ, tó ń pa á rẹ́, tó ń tún un kọ, kí èébú ajá lè gún régé. Àgbà tó bá nílò kí ẹranko bú ìyá ẹlòmíì kí oorun tó kùn ún, àgbàyà ni. Fún un ní oògùn oorun.

Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ eré yẹn náà bí mi nínú. Kí n tó mọ̀ pé ẹnì kan ti ṣubú, wọ́n ti rẹ́rìn-ín. Mi ò rí wọn, wọn ò kí mi, wọ́n kàn kó ara wọn jọ síbì kan nínú fóònù, wọ́n ń sọ ìgbà tó yẹ kí n rẹ́rìn-ín fún mi. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ dákẹ́ ná, kí n gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Wọn ò dákẹ́. Mo ti jókòó nínú ìpàdé òṣèlú rí, mo mọ ẹ̀rín ẹni tí wọ́n háyà nígbà tí mo bá gbọ́ ọ.

Èyí tó wá burú jù lójú oníṣẹ́ ọwọ́ bíi tèmi ni pé irun wọn kì í hù. Apá mẹ́fà ni mo wò. Ọ̀gá ọlọ́pàá inú rẹ̀ gbéyàwó, ó bímọ, ó kọ ìyàwó, ó já bọ́ láti orí òrùlé lẹ́ẹ̀mẹjọ, orí rẹ̀ wà bó ṣe wà, ṣẹ́ẹ̀tì kan náà ló sì wọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Báwo ni onígbàjámọ̀ ìlú yẹn ṣe ń jẹun? Ẹni tó yà á ò rò ó. Ìwọ ọmọ onígbàjámọ̀ náà ò rò ó.

Mo mọ̀ pé wàá ní Bàbá ò lẹ́rìn-ín lẹ́nu. O mọ òfin ṣọ́ọ̀bù mi, ìwọ lo bá mi fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ògiri: ẹni tí abẹ bá wà lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ìkà. Ẹ̀rín máa ń mi ọ̀fun, ọ̀fun á sì mi abẹ. Ọdún méjìdínlógójì ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, n kò sì ṣe ẹnikẹ́ni léṣe rí, nítorí mi ò gba àwàdà láyè níwájú dígí. Gbogbo ayé mọ̀ bẹ́ẹ̀ títí kàtúùnù rẹ fi wọ̀lú.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Tíṣà Ojúlíle wá tún ojú ṣe, nítorí ó fẹ́ lọ ya fọ́tò fún káàdì ìdánimọ̀ tuntun. O mọ irun ètè òkè rẹ̀, ó ti wà níbẹ̀ kí n tó bí ọ. Mo kàn fẹ́ bá a gé ṣóńṣó rẹ̀ méjèèjì kó dọ́gba ni. Wẹ́dà jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó ń retí kó kàn án, ló bá mú fóònù mi, ó tan kàtúùnù rẹ láì bi mí. Ajá yẹn ló tún yọ. Olùkọ́ kan bi í pé kí ni méjì àti méjì jẹ́, ajá ní kí olùkọ́ kọ́kọ́ sọ iye tí wọ́n ń san fún un lóṣù, kí òun lè mọ̀ bóyá ó mọ ìṣirò. Ọmọ mi, Tíṣà bú sẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín àgbà. Ẹ̀rín tó ti ń kó jọ láti ọjọ́ tó ti gba iṣẹ́ ni, gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan, àga ń mì, abẹ mi sì wà ní ètè rẹ̀. Ìdajì lọ.

A jọ wo dígí. Mi ò lè lẹ̀ ẹ́ padà. Mo fá ìdajì tó kù kó lè dọ́gba, ó sì dìde, ó lọ sí ọ́fíìsì káàdì bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé wo káàdì àtijọ́, ó wo Tíṣà, ó ní kó lọ pe ẹni tó ni káàdì wá. Tíṣà ní òun ni. Akọ̀wé ní kó mú ẹ̀rí wá. Ẹ̀rí yẹn wà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀, mo sì ti gbá a dànù. Ojoojúmọ́ ló wá ń wá báyìí kí n bá a wo bó ṣe ń hù, bó bá sì ti jókòó tán, á ní kí n jọ̀ọ́ tan ajá yẹn díẹ̀. Ẹ wo ohun tí ẹ fi àgbàlagbà ṣe.

Gbogbo èyí tí mo ti sọ, mo lè fi ọwọ́ gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ohun tó jẹ́ kí n pa iná ṣọ́ọ̀bù, kí n lọ jókòó kọ ìwé yìí, wà ní apá kẹfà, o sì mọ̀ ọ́n nítorí ìwọ lo kọ ọ́. Onígbàjámọ̀ kan yọ níbẹ̀. Ọwọ́ òsì ló fi mú abẹ bí ẹni tó ń bó ọsàn, èyí ti tó kí n bínú. Ikùn rẹ̀ yọ síwájú. Ó máa ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó sọ̀rọ̀, mo sì mọ ẹni tó ń wúkọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ń bá gbogbo oníbàárà rẹ̀ sọ̀rọ̀ níwájú dígí, ó mọ ibi tó ń dùn wọ́n, ó mọ orúkọ àwọn ọmọ wọn. Ọmọ tirẹ̀, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ló ti ń gẹrun fún un, lórí àpótí, ọmọ náà á kọjú sógiri. Ọmọ dàgbà, ó lọ, ó padà dé lẹ́yìn ọdún gbọọrọ, ó gbé báàgì dání, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Bàbá bi í bóyá ó fẹ́ gẹrun ni àbí ó fẹ́ fárí. Ọmọ ní òun ni o, Bàbá. Bàbá ní kó jókòó sórí bẹ́ńṣì, kó dúró kó kàn án. Ni ọmọ bá yí ẹ̀yìn padà, ó tẹrí ba. Ìgbà yẹn ni bàbá pariwo, ó gbá ìpàkọ́ ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ń sunkún, ó ń bi ìpàkọ́ náà bóyá ó ti jẹun.

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Wẹ́dà ń lu itan rẹ̀. Tíṣà ń nu ojú. Àwọn tí wọ́n háyà nínú fóònù náà ń rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mi ò rẹ́rìn-ín, mo ń nu abẹ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Mo gbé ìbínú délé. Mo sọ fún ìyá rẹ pé a kì í fárí lẹ́yìn olórí, àmọ́ ọmọ rẹ̀ ti fá tèmi lójú gbogbo ayé. Mo ní irọ́ ni. Àga kan ṣoṣo ló wà níwájú dígí, ibẹ̀ sì la ti ń jẹun, ta ni yóò gbé ọmọ ara rẹ̀ sórí rẹ̀ nígbà tí èèyàn mẹ́fà jókòó lórí bẹ́ńṣì? Mo ní kò sí bàbá tí kò mọ ojú ọmọ rẹ̀. Ìyá rẹ ò bá mi jiyàn. Ó ń fi òróró pa orúnkún, ó kàn ní kí n ṣàpèjúwe rẹ.

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo ní ibi méjì ni irun orí rẹ ti yí po lẹ́yìn. Mo ní kókó kékeré kan wà lẹ́yìn etí rẹ òsì, tí mo máa ń gbé kílípà fò. Mo ní irun ọrùn rẹ ń hù sókè dípò kó hù sísàlẹ̀, pé àpá ibi tí o ti já bọ́ lórí igi gùn tó ìka ọwọ́ mi tó kéré jù. Mo ní bí abẹ bá ti kan ẹ̀yìn ọrùn rẹ, èjìká rẹ á sún sókè, bó ṣe rí nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin náà ló rí nígbà tí o pé ogún. Inú mi dùn, mo rò pé mo ti jàre. Ìyá rẹ ní ó dáa, ó ku iwájú.

Mo ní o jọ mí. Ó ní kí n máa bá a lọ. Mo ní imú rẹ, imú rẹ wà bí imú èèyàn ṣe ń wà. Ó bi mí bóyá o léjí láàárín eyín. Mo ní o ní in. Ó ní o ò ní in. Ó bi mí pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wo ló máa ń jìn bí o bá rẹ́rìn-ín. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ ń jìn. Níbo ni mo ti fẹ́ mọ̀ ọ́n? O ò rẹ́rìn-ín lábẹ́ ọwọ́ mi rí, èmi ni mo ṣòfin. Mo dìde, mo lọ wo fọ́tò ilé ìwé rẹ tó wà lára ògiri yàrá, ọmọ mọ́kànlélógójì ló wà níbẹ̀, mo nàka sí ìwọ. Ìyá rẹ ní ẹlòmíì nìyẹn.

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní òun náà ti wo apá kẹfà yẹn ní kọ̀rọ̀, òun sì ti rẹ́rìn-ín títí orúnkún fi dun òun, nítorí ọ̀ràn tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Ó dùn mí, ọmọ mi. Mi ò ní tàn ọ́ jẹ, ó dùn mí wọ eegun.

Ohun tí o béèrè rèé. Kàtúùnù yín ò dáa. Mo sọ ọ́, mi ò sì kó o jẹ. Kí ajá yẹn lọ wẹ̀, kó fi ọtí sílẹ̀, kó lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá tó gbà á sílé. Ẹ sọ fún àwọn tí ẹ háyà kí wọ́n máa lọ sílé wọn. Ṣùgbọ́n láàárín gbogbo ìdọ̀tí yẹn, o sọ ohun kan tí o ò lè sọ fún mi látọjọ́ tí mo ti bí ọ, bí kò bá sì jẹ́ pé ẹ̀rín lo fi gbé e wá, mi ò bá lù ọ́ kí o tó sọ ọ́ tán. Tọwọ́ bọ ìwé náà. Sọ fún ọ̀gá ọ́fíìsì kó wá ẹlòmíì fi sórí àga rẹ. Mo fọwọ́ sí i. Àmọ́ jẹ́ kí onígbàjámọ̀ yẹn fi ọwọ́ ọ̀tún mú abẹ, nítorí ẹ̀tẹ́ iṣẹ́ ni.

Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi, ti èèyàn kan, àlọ àtàbọ̀, orúnkún ìyá rẹ ò ní lè bá mi rìn. Fi owó òróró rẹ̀ kún un, kí o sì fi ti kílípà tuntun lé e, èyí tó wà lọ́wọ́ mi ti ń fa irun tu, àwọn èèyàn ń da omi lójú, mo sì ń sọ fún wọn pé ọṣẹ ni. Má fi owó náà sínú fóònù o. Tíṣà ní wọ́n máa ń fi í síbẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, bébà kan ṣoṣo ò lè gba ibẹ̀ wọlé. Dírẹ́bà ni kí o kó o fún.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ gbẹ lẹ́nu rẹ. Ohun tí o bá kọ kò ní di ẹjọ́ sí ọ lọ́rùn. Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín nítorí rẹ, wọn ò ní fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Ìwọ náà á bí ọmọ, wàá sì gbé e jókòó síwájú dígí.

Ọjọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn oṣù yìí ni mo fẹ́ wọkọ̀. Má rán ẹnikẹ́ni wá pàdé mi ní ibùdókọ̀, ìwọ fúnra rẹ ni kí o wá, nítorí ojú lọ̀rọ̀ wà. Má dé fìlà. Dúró sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Bí mo bá kọjá lára rẹ lẹ́ẹ̀kan, tàbí lẹ́ẹ̀mejì, má pè mí, má sì yí ẹ̀yìn padà láti fi ràn mí lọ́wọ́. Ṣe sùúrù fún mi. Jẹ́ kí n fi iwájú mọ̀ ọ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.